Ẹni tó ni fáìlì ló ni ẹjọ́: ìrírí mi nínú ìwádìí tó kọjá ìpínlẹ̀ kan

Tírélà kòkó tó gbéra ní Ìdí-Ayunrẹ́ tó sì pòórá kó tó dé Àpápá ti kó ìpínlẹ̀ mẹ́ta sí ìyọnu kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti di ẹrù. Ògùn ló wà láàárín, ì báà jẹ́ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àtijọ́ ni ọkọ̀ gbà tàbí márosẹ̀. Èkó ni ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró de ẹrù. Nínú ètò iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, Ọ̀yọ́ wà lábẹ́ Sóònù 11 tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òṣogbo, Ògùn àti Èkó wà lábẹ́ Sóònù 2. Bí dírébà bá wá jẹ́ ará Ìlọrin, Kwara náà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ìwádìí ọ̀daràn ni mo ṣe ní Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú ẹjọ́ báyìí ló sì máa ń gba oorun lójú mi jù. Àwọn IPO (ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti àwọn oníṣòwò pẹ̀lú, torí ẹjọ́ tí olùfisùn fi ìkánjú ara rẹ̀ bà jẹ́ kò kéré sí èyí tí ọlọ́pàá bà jẹ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbígbá ni wọ́n máa ń gbá olùfisùn bíi bọ́ọ̀lù. Àgọ́ tó sún mọ́ ilé ìkẹ́rù á ní ojú ọ̀nà Ògùn ni ọkọ̀ ti sọnù, kó lọ sọ́hùn-ún. Ó dé ọ̀hún, wọ́n ní Ìbàdàn ni wọ́n ti di ẹrù, kó padà. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ ọjọ́ ti lọ, àwọn tó gbé ọkọ̀ sì ti ń tú ẹrù.

Ohun tó ń fa èyí ni pé àwa fúnra wa máa ń da agbára ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ agbára ilé ẹjọ́. Abala 214 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà fún Nàìjíríà. Ọlọ́pàá Ìyágankú ní Ìbàdàn tó bá kọjá sí Ògèrè ní Ògùn, ọlọ́pàá ṣì ni. Ilé ẹjọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Májísíréètì Ìbàdàn ò lè gbọ́ ẹjọ́ olè tí gbogbo rẹ̀ pátápátá wáyé ní Ṣágámù. Ó gbọ́dọ̀ ní apá kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Nínú ẹjọ́ tírélà, apá yẹn sábà máa ń wà bí a bá wá a: Ìbàdàn ni wọ́n ti fa ẹrù lé dírébà lọ́wọ́, Ìbàdàn ló ti fọwọ́ sí wébìlì (ìwé tó ń bá ẹrù rìn). Bí a bá tún rí i pé òun àti ẹni tó fẹ́ ra ẹrù ti jọ ń pe ara wọn kó tó gbéra, ìmọ̀ràn ìkà yẹn náà, Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà á.

Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kí IPO jókòó, kó fa ìlà sórí ìwé fúlúskáàpù kan. Kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sápá òsì, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sáàárín, ẹni tó lè jẹ́rìí sí i sápá ọ̀tún. Dídi ẹrù: Ìdí-Ayunrẹ́, akọ̀wé ilé ìkẹ́rù. Ìpè ìkẹyìn láti ọ̀dọ̀ dírébà: ibi tí ó sọ pé òun wà, ẹni tó gbé ìpè náà. Ìwé yìí ni yóò sọ ọ́fíìsì tó yẹ kó di ẹjọ́ mú. Ìwé kan náà ni OC Legal (ọ̀gá ẹ̀ka òfin ọlọ́pàá) máa fi kọ ẹ̀sùn lọ́jọ́ iwájú, kó má baà jẹ́ pé lọ́yà olùjẹ́jọ́ ló máa kọ́kọ́ béèrè lórí ìjókòó pé kí ló kan ilé ẹjọ́ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Ojú máa ń kán yín, mo mọ̀. Ẹ ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí CP (kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀) ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí AIG (ọ̀gá tó ń ṣàkóso sóònù) ti Sóònù 2, mọ̀lẹ́bí kan á mú òmíràn lọ sí Alágbọn, ọ́fíìsì Force CID ní Èkó, ẹnìkan á tún ní EFCC ló yá jù. Ọ̀sẹ̀ kejì, fáìlì mẹ́rin ti wà. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mótò-bọ̀ì. Ìkejì ti mú olówó ọkọ̀, ó ti fi í sílẹ̀ ní bẹ́ẹ̀lì. Ìkẹta tún fi pampẹ́ òfin mú olówó ọkọ̀ yìí kan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, lọ́yà rẹ̀ sì ti gba ilé ẹjọ́ gíga lọ lábẹ́ ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009. Nígbà tó bá yá tí wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ padà sójú kan, èyí tó ń bọ̀ á jẹ́ ẹ̀dà, ojúlówó á wà ní dúrọ́ọ̀ ẹnìkan tí wọ́n ti gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí mótò-bọ̀ì sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó jẹ́ òótọ́ jù, ni ẹ ò ní rí mọ́.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ọ́fíìsì tó bá ni fáìlì ló gbọ́dọ̀ ni afurasí, ẹrù tí a gbà padà, àti àkọsílẹ̀ fóònù. Bí nǹkan wọ̀nyí bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ẹjọ́ ti kú, kò tíì mọ̀ ni.

Bí fáìlì bá ti di méjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn IPO máa bára wọn fà á. Kí O/C (ọ̀gá ẹ̀ka ìwádìí) ìhín pe O/C ọ̀hún lórí fóònù kí wọ́n jọ fẹnu kò, kí lẹ́tà tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sì kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò dúró, torí O/C lè kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Láàárín àgọ́ méjì nínú Ọ̀yọ́, CP tó láti yanjú rẹ̀. Láàárín Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, AIG Òṣogbo ni. Àmọ́ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògùn, AIG méjì ló wà, ipò wọn dọ́gba, kò sí èyí tó lè pàṣẹ fún èkejì. Ìgbà yẹn ló máa di ọ̀rọ̀ DIG (igbákejì ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá) tó ń ṣàkóso Force CID, ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn àpapọ̀, ní Àbújá, ìdáhùn láti ibẹ̀ kì í sì í yá. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ nísàlẹ̀ kó tó dókè.

Ní ti kíkọjá sí ìpínlẹ̀ kejì, nǹkan mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kí signal (ìfiránṣẹ́ abẹ́nú ọlọ́pàá) ti lọ láti ọ̀dọ̀ CP tiwa sí CP tiwọn. Kí lẹ́tà wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú ikọ̀, tó dárúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ wọn, nọ́ńbà ọkọ̀, àti iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe. Kí wọ́n sì dé àgọ́ tó ni àdúgbò náà kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àgọ́ pé àwọn ti dé, kí DPO (ọ̀gá àgọ́) fún wọn ní ẹni tó mọ ilẹ̀. Àwọn kan gbàgbọ́ pé bí wọ́n bá ti lọ sí àgọ́, àṣírí á tú sí olè lọ́wọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n má dárúkọ ilé tí wọ́n ń lọ títí wọn ó fi jáde ní àgọ́. Àmọ́ kí wọ́n dé ibẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin tó gbébọn, tí kò wọṣọ iṣẹ́, tó ń wọ́ èèyàn wọ bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ta ni yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ajínigbé? Fijilanté á kọ́kọ́ yìnbọn ná, ìbéèrè á tẹ̀lé e.

Ẹ má jẹ́ kí olùfisùn jókòó sínú ọkọ̀ tó ń lọ mú èèyàn. Bó bá máa tọ́ka ilé, kó tọ́ka rẹ̀ kó padà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé epo ọkọ̀ wọ́n, mo sì mọ ẹni tí wọ́n sábà ń sọ pé kó rà á. Ní kóòtù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà máa bi IPO ni pé ọkọ̀ ta ni ẹ fi wá mú oníbàárà mi.

Bí ẹ bá ti mú un, ẹ padà sí àgọ́ yẹn kí ẹ kọ ìmúni náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Aago yẹn ṣe pàtàkì. Abala 35 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè sọ pé níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni a ní láti gbé afurasí débẹ̀. Ibi tí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ ní Ṣágámù. Àwọn tó ń kà á láti ìgbà tí wọ́n wọ géètì Ìyágankú ń tan ara wọn ni. Nítorí náà, kí ìwé tí a fẹ́ fi bẹ májísíréètì fún àtìmọ́lé ti wà nílẹ̀ kí ikọ̀ tó gbéra ní Ìbàdàn. Bí ọwọ́ ò bá sì tẹ dírébà, ẹ má mú ìyàwó rẹ̀ dípò rẹ̀. ACJA 2015 (òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn) kọ̀ ọ́, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kọ̀ ọ́. Òfin Ọlọ́pàá yìí kan náà tún kọ̀ ká máa mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Oníkòkó àti olówó ọkọ̀ tó ń jẹ ara wọn lówó pọ̀ nílùú yìí, kí a wo ìwé owó wọn kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹrù fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń já. Bí wọ́n bá di àpò kọ̀ọ̀kan ní kílò 62.5, àpò 16 ló di tọ́ọ̀nù kan, tírélà tọ́ọ̀nù 30 sì ní àpò 480. Ká ní ọwọ́ tẹ 310 nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Ògùn. Àpò kòkó jọra, báwo la ṣe mọ̀ pé èyí tó ti Ìdí-Ayunrẹ́ lọ ni? Ẹ wo ẹnu àpò. Kòkó tí àwọn gírédà ti yẹ̀ wò máa ń ní èdìdì lẹ́nu àti àmì tí wọ́n tẹ̀ sára àpò, ìwé tó bá a rìn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ́fíìsì gírédà ní Ìbàdàn ni kí IPO kọ́kọ́ lọ, kó gba ẹ̀dà ìwé yẹn kó tó wọ mọ́tò lọ sí Ògùn. Olè tó gbọ́n á ti tú kòkó sínú àpò mìíràn. Nígbà náà, ẹ fi kòkó sílẹ̀, ẹ wá àpò òfìfo. Wọn kì í jù wọ́n nù, torí àpò júùtù lówó lórí. Wọ́n á ká wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, àmì á ṣì wà lára wọn, okùn tí gírédà fi dí ẹnu wọn á ti di jíjá pẹ̀lú ọ̀bẹ, kì í ṣe títú. Àpò òfìfo 170 tó ní àmì yẹn lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni lọ.

Àríyànjiyàn tó kàn ni ibi tí ẹrù máa wà. Ògùn á ní ilẹ̀ àwọn ni wọ́n ti rí i. Ọ̀yọ́ á ní ẹjọ́ àwọn ni. Bí wọ́n ti ń jà, kòkó wà nínú ọgbà àgọ́ lábẹ́ tapólì, òjò ń rọ̀. Bí omi inú kòkó bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, owó ẹni tí a ní à ń gbèjà ti ń jẹrà nìyẹn. Ohun tó yẹ ni kí a ka àpò lójú afurasí àti lójú ẹni tó ni ilé ìkẹ́rù, kí a wọ̀n wọ́n, kí a ya fọ́tò níbi tí a ti bá wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn, kí a mú díẹ̀ sọ́tọ̀ kí a dí i ní èdìdì, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn náà kí a gba àṣẹ májísíréètì, kí a fi bọ́ǹdì fa ìyókù lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ìwé ẹrù Ògùn àti ìwé ẹrù Ọ̀yọ́ ní iye kan náà. Bí ọ̀kan bá kọ 310, tí èkejì kọ 308 nítorí pé àpò méjì ya lójú ọ̀nà tí wọ́n sì dà wọ́n pọ̀, kí ẹnìkan kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àpò méjì yẹn ni lọ́yà máa fi jókòó lé IPO lórí fún odidi àárọ̀ kan.

Tírákà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi aago UTC (aago àgbáyé) kọ nǹkan sílẹ̀, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Bí ọ́fíìsì méjì bá tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan yí aago padà tí èkejì ò yí i, ìwé kan á ní ọkọ̀ dúró ní Ògèrè ní aago méjì òru, èkejì á ní aago mẹ́ta. Ọkọ̀ kan náà, òru kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 béèrè, kí a sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ gbangba pé aago wo ni.

Fóònù náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ní kí ilé iṣẹ́ fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún 2, àkókò tó láti ṣiṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà náà pé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin. Bí fóònù bá wà lọ́wọ́, ẹ fi IMEI rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù fúnra rẹ̀) oní-nọ́ńbà 15 kún un, torí wọ́n lè ti yọ síìmù. Lẹ́tà tó bá kàn ní “gbogbo ìpè rẹ̀” máa pẹ́ nílẹ̀. Ní báǹkì, ẹ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí ẹ tó ní kí wọ́n ti àkáǹtì pa, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́mílọ́rùn ti là á mọ́lẹ̀ pé lẹ́tà ọlọ́pàá nìkan kò tó. Kámẹ́rà ilé epo ni kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àwòrán tuntun ń pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà kí àgọ́ Ògùn tó sún mọ́ ọn lọ gbà á fún wa lọ́jọ́ kìíní, kí àwa tó gúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu afurasí: èdè tó bá fi sọ ọ́ ni kí a fi kọ ọ́, kí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó yàn wà níbẹ̀. Bó bá sọ Yorùbá, ẹ kọ Yorùbá, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé mìíràn. Ìwé méjèèjì ló máa dé kóòtù, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ náà sì máa wá jẹ́rìí. Ibi tí àtakò ti máa ń wọlé rèé: kọ́ńsítébù kan ní Ògùn ló túmọ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, nígbà tí ẹjọ́ máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí Sókótó. Kí ọ́fíìsì tó ni fáìlì mú olùtumọ̀ tirẹ̀ dání láti ilé.

Bí dírébà bá ti wọ Kwara, kí a rántí pé òfin yí padà níbodè. Criminal Code la ń lò ní Ọ̀yọ́, abala 390 la fi ń fi ìyà jẹ olè, 427 ni ti ẹni tó gba ẹrù olè. Penal Code ni ti Kwara, 286 ló sọ̀rọ̀ olè níbẹ̀, “First Information Report” sì ni ọlọ́pàá fi ń gbé ẹjọ́ dé iwájú májísíréètì. Bí IPO Ìlọrin bá ti kọ FIR rẹ̀ kó tó bá wa sọ̀rọ̀, ilé ẹjọ́ Kwara ló ni èèyàn yẹn báyìí, a ò kàn lè lọ gbé e bí ẹni gbé ẹrù. Ẹ tètè pè wọ́n, kí wọ́n mú un kí wọ́n sì dì í mú fún wa. Ìwé àṣẹ ìmúni láti Ìbàdàn náà, ẹ jẹ́ kí májísíréètì ọ̀hún bu ọwọ́ lù ú kí ẹ tó lò ó.

Àmọ̀tẹ́kùn wúlò gan-an nínú igbó àti lójú ọ̀nà àbùjá, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá tirẹ̀ sílẹ̀, agbára ti Ọ̀yọ́ parí ní ibodè Ọ̀yọ́. Bí wọ́n bá mú èèyàn, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó mú un àti ibi tó ti mú un gan-an, torí òun náà á jẹ́rìí.

Nígbà tí fáìlì bá ń kúrò ní ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, ẹ fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe àkójọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú, kí ẹni tó ń fi lélẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á jọ kà á, kí wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kó tó jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ gbogbo ọlọ́pàá tó fọwọ́ kan ẹjọ́ náà sẹ́yìn fáìlì, kì í ṣe orúkọ nìkan, torí nọ́ńbà yẹn la fi máa wá a kàn níbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Bí ẹjọ́ bá ti dé ọ̀dọ̀ DPP (ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba) ní Sẹkitéríàtì Agodi, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n to gbogbo ẹlẹ́rìí Ògùn sí ọjọ́ ìjókòó kan náà. Kí IPO pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó tún pè wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú. Ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rù tó wọkọ̀ láti Ṣágámù wá sí Ìbàdàn, tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú lójú rẹ̀, tí kò rí owó ọkọ̀ gbà, kò ní gbé ìpè yín mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.